Bí Mo Ṣe Gbé Ohùn Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Dé Alímọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ báàgì kalẹ̀ ni ẹ ti ń ya wá kí mi ní méjì, ní mẹ́ta, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín sì ń bi mí: ṣé bí wọ́n ṣe ń ròyìn Èkó náà ni mo ṣe bá a? Ẹnu ti ń ro mí. Tíṣà ni mí, ẹ sì mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn kí n máa tún ẹ̀kọ́ kan kọ́ nígbà mẹ́wàá. Mo ti jókòó, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún dé pẹ̀lú ìbéèrè, ìwé yìí ni n ó nà sí i, n ó sì máa bá oúnjẹ mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ohun tó gbé mi kúrò nílé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ìyá tí gbogbo yín ń pè ní Ìyá Àgbà, tí èmi ń pè ní Eyínfúnjowó láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi wẹ ẹsẹ̀ mi wọlé yìí. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni. Àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Àní ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó mi, ọkọ mi ni, mo sì fún òun náà ní orúkọ tèmi. Ọdún méjìlélógójì ni èmi àti ìyá yìí jọ lò, ẹnu mi kò kan orúkọ àbísọ wọn rí.

Kò sí ẹni tó ń kọ alámọ̀, orin àwọn obìnrin Èkìtì, bíi tiwọn mọ́ ní gbogbo agbègbè wa. Nígbà tí mo rí i pé àgbà ti dé sí wọn, mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ sí mi, mo jókòó tì wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n sùn tí wọn ò jí. Nígbà tí ẹbí sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ àjọ̀dún ìrántí wọn, èmi ni mo dìde, mo fọwọ́ sọ̀yà pé ohùn wọn fúnra wọn ni gbogbo ilé yóò gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ rántí.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni tábúlẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ikùn aboyún oṣù mẹ́fà, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì ń ṣí kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà wa wò ó láti òkèèrè, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní bátìrì ló wú, kí n má ki í mọ́ iná mọ́, kí n má tẹ̀ ẹ́, kí n wá ibi tí wọn yóò ti kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú nǹkan mìíràn kó tó kú pátápátá.

Ẹ̀rù ò bà mí. Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Ìgándò, ní Alímọ̀ṣọ́ nílùú Èkó, ti wá ṣe ọdún Kérésì pẹ̀lú wa kí ìyá náà tó lọ, ó sì ti sọ fún mi pé òun ti fi ẹ̀dà ohun gbogbo sínú kíláòdù, ìyẹn ìkùukùu lédè wa. Ó ṣàlàyé fún wa ní pálọ̀: ẹ̀rọ ńlá kan ló wà níbi tó jìnnà, ó ń bá ènìyàn tọ́jú ẹrù, ibikíbi tí o bá sì wà, tí o bá ti tẹ orúkọ rẹ àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ, o lè rí ẹrù rẹ gbà. Bàbá Adéṣọlá, ọkọ mi, ronú díẹ̀, wọ́n bi í pé, "Tí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nítorí náà, ní ọkàn mi, ẹrù tó ti wà lókè ni mo kàn fẹ́ lọ sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé, kí ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kí n sì padà sílé. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ fi tábúlẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ nílé. Mo fi gèlè àtijọ́ wé e, mo tẹ́ ẹ sínú agolo bisikíìtì onírin, mo gbé e lé itan. Bí mo ṣe gbé e nìyẹn láti Èkìtì títí dé Èkó.

Afárá Ìyànà Ìpájà

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò ní gba ààyè nínú ìwé mi. Ẹ ti wọ ọkọ̀ rí. Ibi tí mo ti mọ̀ pé mo ti kúrò nílé ni orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà ní Ìyànà Ìpájà, tí Akọ̀wé ní kí n gbà sọdá kí n lè bá òun lódìkejì.

Mo gun orí afárá náà, ènìyàn ń wọ́ bọ̀, ènìyàn ń wọ́ lọ, àwọn tó ń tajà sì jókòó sí ọ̀tún àti òsì. Ọmọ ilé ire ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn bí mo ṣe ń kọjá: ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìrìn o, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ń wò mí. Bóyá ẹni mẹ́ta ló dáhùn. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúró, ó wo agolo tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Màmá, Ọlọ́run á pèsè."

Ó rò pé mo ń tọrọ báárà! Èmi! Mo dá a lóhùn pé, "Ó ti pèsè, ọmọ mi. Ìwọ ni mo ń kí." Ojú tì í, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí ìdúró, ó ní kí n má bínú, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí òun níbẹ̀ láìfẹ́ nǹkan kan. Ó wá bi mí ní àlàáfíà ilé mi, ó sì kọjá lọ.

Obìnrin kan tó ń ta àpò fóònù ló tún kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ti ki agolo bọ inú báàgì ẹ̀yìn mi kí n lè di irin afárá mú, ó sì pariwo lé mi lórí bí ẹni pé èmi ni àbúrò rẹ̀: "Màmá, ẹ pọn báàgì yẹn síwájú jàre! Ẹrù tó bá wà lẹ́yìn níbí, àdúrà la fi ń ṣọ́ ọ."

Mo pọ̀n ọ́n síwájú. Kò dùn mí pé ó gbóhùn sókè sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín nípa ará Èkó: wọn kì í kí ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí nǹkan ṣe é bí wọ́n bá rí i. Tiwa ńkọ́? A ó kí ọ dáadáa nígbà tí nǹkan bá ṣe ọ́ tán.

Iyán tí kò mọ odó

Ilé Akọ̀wé ní Ìgándò dára. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tólú, kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, kò sì pẹ́ tó fi gbé iyán ka iwájú mi. Iyán náà funfun, ó jọ̀lọ̀, kò ní kókó kan. Ìyẹn ló fu mí lára. Láti ìgbà tí mo ti wọlé, mi ò gbọ́ ìró odó.

"Ìyá Tólú, odó yín dà?"

"Mọ́mì, ìyẹ̀fun ni o. Omi gbígbóná la fi rò ó." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ máa jẹ ẹ́ ṣá?"

Mo fọwọ́, mo jẹ ẹ́. Ọmọ Èkìtì kò gbọdọ̀ purọ́ lórí iyán: kì í ṣe iyán. Ẹ̀dà iyán ni. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó fi tì í sì dùn dé ibi tí mo fi dárí jì í. Ẹ̀wà àgọ̀nyìn ni mo gbà tọkàntọkàn. Ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, wọ́n wá da ata dúdú lé e lórí, ata tí wọ́n dín títí gbogbo àdúgbò fi ń sín. Wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ ní òwúrọ̀. Ẹ má sọ fún Bàbá Adéṣọlá, àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ tí mo lò níbẹ̀, mi ò fi ẹnu kan ògì.

Wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọrin. Àwọn aládùúgbò á ní kí n tún un wí, kì í ṣe pé kò yé wọn, ó kàn ń dùn mọ́ wọn ni. Tí mo bá ní mo fẹ́ padà sí "ulé", wọ́n á mú un, wọ́n á máa fi kí ara wọn. Mi ò yí i padà. Ṣé nítorí pé mo wá sí Ìgándò ni n ó wá gbé ẹnu mi sọnù? Àràárọ̀ ni mo ń jáde lọ kí gbogbo òpópónà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe ń ṣe nílé. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, àwọn ni wọ́n ń sáré kí mi.

Ohun tó gòkè àti ohun tó kù nílẹ̀

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Akọ̀wé gbé kọ̀ǹpútà ka orí tábìlì ìjẹun. Ó tẹ orúkọ mi, ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí mi, ojú ẹ̀rọ ṣí. Ẹ̀yin ará ilé, nǹkan ńlá ni! Àwòrán wa tò sílẹ̀ bẹẹrẹ: Eyínfúnjowó tó ń rin orín lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ Bàbá Adéṣọlá, ìyẹ̀wù tuntun ilé ìpàdé, àní àwòrán àtàǹpàkò mi tí mo ṣèèṣì yà nígbà mọ́kàndínlógún. Gbogbo ohun tí mo rò pé ó wà nínú agolo, ó wà lókè lóòótọ́. Mo jókòó bí ẹni tó ni Èkó.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," mo ní. "Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ wá bá mi mú ohùn jáde."

Ó tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, orúkọ àbísọ. Òun lè tẹ̀ ẹ́, ìyá kan náà ló bí wọn. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Ó tún un tẹ̀. Òfo.

"Bó ṣe rí nígbà Kérésì náà nìyí," ló wí. "Mo fi orúkọ wọn wá a títí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé ẹ ò tíì gba ohùn wọn sílẹ̀ ni."

"Mi ò tíì gbà á kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹfà!"

"Àwòrán nìkan ló wà níbẹ̀, àti àwọn fíìmù yín."

"Fíìmù wo?"

"Àwọn fíìmù Yorùbá yẹn. Eyínfúnjowó apá kìíní, apá kejì, títí dé apá kẹfà. Fíìmù máa ń jẹ détà, mo bá fò wọ́n."

Mo wò ó. Akọ̀wé ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀gá ni lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, orí rẹ̀ ti ń pá. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí mo wọlé yín, ìwé tó máa ń gbé kiri ló fi gba orúkọ Akọ̀wé lọ́wọ́ mi, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi mú un wá sí Èkó láti kàwé. Mo bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ọkọ mi, ta ni mò ń pè ní Eyínfúnjowó?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Àǹtí mi ni?" ló wí. "Ṣé àǹtí mi ni mo fò kọjá bẹ́ẹ̀?"

Mi ò lè bínú sí i. Orúkọ tí èmi àti ìyá náà nìkan ń lò láàrin ara wa ni mo fi sàmì sí ẹrù gbogbo ilé. Ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n wá? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù bà mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ohun tí mo fọwọ́ sọ̀yà lé lórí níwájú yín kò sí lókè, kò sí níbikíbi àfi nínú agolo bisikíìtì, nínú ẹ̀rọ tó ń wú. Akọ̀wé ti dìde, ó ti mú ṣájà, ó fẹ́ ki í mọ́ iná lójú ẹsẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," mo ní. "Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Ní Pleasure, lọ́dọ̀ Ràṣídá

Obìnrin ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ràṣídá lorúkọ rẹ̀, yóò tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ó we ìborí aláwọ̀ ewé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní iwájú ilé bàbá rẹ̀ gan-an, nítòsí ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pleasure. Ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé. Akọ̀wé sọ fún un pé iṣẹ́ kíákíá ni. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó fi bẹ́ǹṣì hàn mí.

"Màmá, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jẹun? Ó dáa. Ẹ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi."

Mo ní, "Bátìrì ló wú."

"Ìyẹn ni mo fi ojú rí. Kí ló wà nínú ẹ̀? Mi ò kì í tú ẹ̀rọ tí mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tí mo bá ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi á rọra."

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò sì sí oníbàárà tó ń kánjú tó lè yí i padà. Mo sọ fún un. Mo sọ ti alámọ̀, mo sọ ti ọjọ́ tí Eyínfúnjowó fi orin kan bú gbogbo agboolé tí ẹni tí orin náà ń bá wí gan-an sì ń jó, mo sọ ti ọyẹ́ tó kọjá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn," ó sì fa agolo náà mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó fi ike pẹlẹbẹ kan ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń bó èèpo ẹyin. Ó yọ bátìrì wíwú náà, ó gbé e lọ sínú korobá oníyanrìn lẹ́yìnkùlé. Ó fi wáyà so bátìrì mìíràn mọ́ ọn, ó fi okùn kan so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì tàn.

"Màmá, ẹ gbọ́ o," ni Ràṣídá wí. Ó fi ìka méjì di ẹnu okùn náà mú. "Ibi tó ń gba ṣájà ti fẹ̀. Tí mo bá mí, ó lè já. Tó bá já, ó lè máà tàn mọ́. Mi ò ní lè kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èwo ló ṣáájú?"

Akọ̀wé ń ka orúkọ wọn lójú kọ̀ǹpútà: Agúntáṣọ́ọ̀lò, Ìbàdí-àrán, Eyínfúnjowó. Ràṣídá bú sẹ́rìn-ín láìmú ọwọ́ kúrò.

"Àwọn ọkọ yín rèé! Èmi náà ní Agúntáṣọ́ọ̀lò kan nílé ọkọ mi. Kúkúrú ni jàre, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ò fẹ́."

Ẹ wo obìnrin! Ohun tí ọkùnrin ilé wa pè ní fíìmù, àlejò mọ̀ ọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan. Ọkàn mi balẹ̀ sí i lójú kan náà. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní láti dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Agúntáṣọ́ọ̀lò, ìyẹn bàbá wa tó ń gbé ilé ẹ̀yìn, ti sọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ agboolé wa dó fún mi fún wákàtí méjì. Ìbàdí-àrán kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń pa aró. Méjèèjì ń bẹ láàyè.

"Ẹni tó wà láàyè, n ó padà lọ bá a," mo ní. "Ẹni tó ti lọ ni kí o kọ́kọ́ gbà fún mi."

Èyí tí kò lórúkọ

Ìkínní wọlé. Ìkejì wọlé. Ìkẹta já ní àárín, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kú, a jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ràṣídá fi òwú nu ẹnu okùn náà, ó tún un so, ó tàn. Akọ̀wé ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ẹ nítorí ó ti ń gbóná. Ìkẹrin, ìkarùn-ún. Mi ò mọ̀ pé mò ń gbàdúrà títí Ràṣídá fi ṣe àmín. Nígbà tí ìkẹfà wọlé, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

"Ó ku kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀," ni Ràṣídá wí. "Ọjọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n kò lórúkọ, nọ́ńbà lásán ni. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó jọ pé ọwọ́ ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ yìí ti gbóná gan-an o. Kí n fò ó, kí n mú ìtàn bàbá yẹn, àbí?"

Mo mọ ọwọ́ mi. Ẹni tó lè ya àtàǹpàkò ara rẹ̀ nígbà mọ́kàndínlógún, kí ni kò lè ṣèèṣì tẹ̀? Mo ti ń mi orí pé kó fò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó," ni Akọ̀wé wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo ti fo nǹkan lẹ́ẹ̀kan."

Ràṣídá wò mí. Mo ní kó mú un. Ó mú un. Bó ṣe wọlé tán, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì funfun báláú, ó sì kú. Ó gbìyànjú títí wọ́n fi pe ìrun, ó lọ kírun, ó padà wá gbìyànjú sí i. Kò tàn mọ́. Nítorí náà, Bàbá Agúntáṣọ́ọ̀lò, ìtàn yín kò bá mi bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ múra sílẹ̀, mò ń bọ̀ wá jókòó tì yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí Ìbàdí-àrán náà máa retí mi.

Ràṣídá ní òun kì í fún ènìyàn ní ohun tí òun kò tíì gbọ́ pé ó pé. Ó ṣí wọn díẹ̀díẹ̀. Alámọ̀ gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń kọjá lọ ń yọjú. Lẹ́yìn náà ló ṣí èyí tí kò lórúkọ.

Mo rántí ọjọ́ náà nígbà tí mo gbọ́ bí àga ṣe ń dún. Òùngbẹ gbẹ ìyá náà lẹ́yìn orin, mo tẹ̀ ẹ́ kó dúró, mo lọ bu omi. Kò dúró. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ̀yin ará ilé, ohun tí ìyá yìí sọ nìyí, èmi kò sí níbẹ̀:

"Ìwọ nǹkan yìí, ojú rẹ ṣì ń tàn. Ó jọ pé ò ń gbọ́ mi. Ìyàwó mi rò pé òun ti pa ọ́. Tíṣà ni, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ le." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wúkọ́. "Gbọ́ kó tó dé. Àwọn ọmọ kéékèèké ilé yìí, Ìyá Àgbà ni wọ́n mọ̀. Ìyá Àgbà mélòó ni èmi fúnra mi ti bá wọn sin nílé yìí, tí mi ò mọ orúkọ wọn títí dòní? Ìyàwó mi ló ń kọ nǹkan sílẹ̀ nílé yìí, òun gan-an ni kò sì lè pè mí. Bá mi sọ fún un pé mo ti yọ̀ǹda rẹ̀. Kó pe orúkọ mi fún wọn. Kó má ṣáà pè é bí ẹni ń pe ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé."

Mo gbọ́ ìró bàtà ara mi. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Omi yín rèé. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan. Gbé omi wá."

Ibẹ̀ ló parí sí. Akọ̀wé ti kọjú sí ògiri. Èmi sunkún níṣojú àjèjì, mi ò sì bò ó. Odindi ọdún kan ni mo fi ń gbé iṣẹ́ tí wọ́n rán sí mi kiri nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, díẹ̀ ló kù kí n ní kí wọ́n fò ó.

Ràṣídá dúró títí mo fi nu ojú. Ó ní òun yóò fi wọ́n sórí kọ̀ǹpútà Akọ̀wé, òun yóò fi wọ́n sórí fláàṣì méjì tí n ó gbé lọ sílé, òun yóò sì gbé wọn lọ sínú kíláòdù, nítorí ọ̀nà kan ò wọjà. "Ṣùgbọ́n ibi tí mo kó wọn sí kò tíì lórúkọ," ló wí. "Màmá, kí ni ká pè é?"

Mo la ẹnu, ẹnu kọ̀ láti pe orúkọ àbísọ náà. Mo ní kó sún fún mi. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo fi ìka kan wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ilé

Mo ti dé, agolo bisikíìtì ti padà sórí àpótí. Fláàṣì kan wà lọ́wọ́ Bàbá Adéṣọlá, tí kò tíì gbà pé òjò kò lè ṣe kíláòdù ní nǹkan kan. Èkejì wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ àjọ̀dún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe ṣèlérí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí n kò fẹ́ kó dọjọ́ náà. Ẹ̀yin àgbà mọ orúkọ yìí. Ẹ̀yin ọmọ, bóyá ẹ rí i lára ìwé ìsìnkú kí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ́. Ẹnu mi ṣì ń kọ̀, nítorí àṣà ọdún méjìlélógójì kì í kúrò lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ gbà, òun ló sì ń kọ ọ́ fún yín báyìí.

Ìbíyẹmí lorúkọ wọn. Ẹ bá mi pè é.